Òṣùwọ̀n Tí A Fi Ń Wọn Àwọn Tó Yí Ayé Padà

Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè pé ta ni ọwọ́ rẹ̀ hàn jù lọ nínú ìtàn ayé, ó ṣeé ṣe kí a gbọ́ orúkọ mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Onígbàgbọ́ lè dárúkọ Jésù, Mùsùlùmí lè dárúkọ Ànábì Muhammad, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè dárúkọ Isaac Newton, ẹni tó ti ja ogun rí sì lè dárúkọ ọ̀gágun kan. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Òṣùwọ̀n tí kálukú ń lò ni kò dọ́gba. Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́jà rí yóò mọ ohun tí mò ń wí. Kóńgò méjì lè jọ ara wọn lójú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lu ìdí ọ̀kan wọnú, gàrí inú rẹ̀ kò ní í pé, bó ti wù kí ìyá ọlọ́jà bù ú lé e lórí tó. Nítorí náà, ẹni tó mọ ọjà ná a kọ́kọ́ yí kóńgò padà, a wo ìdí rẹ̀, kó tó ní kí wọ́n wọn ọjà fún òun. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ ṣe náà nìyẹn: láti yẹ òṣùwọ̀n wò kí a tó fi wọn ènìyàn.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a mọ̀ ni ohun tí a fẹ́ wọ̀n gan-an. Ipa ni àmì tí nǹkan fi sílẹ̀ níbi tó gbà kọjá. Ọdẹ tó rí ipasẹ̀ ẹran nínú ẹrẹ̀ kò tíì rí ẹran, síbẹ̀ yóò mọ bó ṣe tóbi tó, ọ̀nà tó gbà, àti bóyá ó ti pẹ́ tó ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ipa ènìyàn nínú ìtàn: ó jẹ́ ìyàtọ̀ tó wà nínú ìgbésí ayé àwọn ẹlòmíràn nítorí pé ẹni náà ti wáyé rí. Ipa yàtọ̀ sí òkìkí, nítorí orúkọ ènìyàn lè kárí ayé kó má sì yí ohunkóhun padà. Ó yàtọ̀ sí ipò, nítorí ọ̀pọ̀ ọba ló ti jẹ tí a kò rántí ju orúkọ wọn lọ. Ó sì yàtọ̀ sí ìwà rere. Nígbà tí ìwé ìròyìn Time ti Amẹ́ríkà fi Adolf Hitler ṣe ẹni ọdún 1938, wọn kò fi yìn ín. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ló da ayé rú jù lọ́dún náà.

Iṣẹ́ wíwọn àwọn ènìyàn ńlá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, Plutarch, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn olókìkí ilẹ̀ Gíríìsì àti ti Róòmù, ó sì tò wọ́n ní méjì méjì kí òǹkàwé lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ní ọdún 1978, Michael H. Hart, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde níbi tó ti to 100 ènìyàn tẹ̀lé ara wọn gẹ́gẹ́ bí ipa wọn ṣe tó lójú rẹ̀. Ó fi Ànábì Muhammad ṣe ẹni àkọ́kọ́, Newton ṣe ẹnì kejì, Jésù ṣe ẹnì kẹta, Buddha ṣe ẹnì kẹrin, Confucius ará Ṣáínà sì ṣe ẹnì karùn-ún. Àlàyé rẹ̀ lórí ẹni àkọ́kọ́ ni pé ó ṣe àṣeyọrí nínú ẹ̀sìn, ó sì tún ṣe é nínú ìṣèlú. Nígbà tí Time fẹ́ yan ẹni tó ta yọ jù ní ọ̀rúndún ogún, ní ìparí ọdún 1999, Albert Einstein ni wọ́n mú, Mahatma Gandhi àti Franklin Roosevelt sì tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tí kò lè bá irú ètò báyìí jiyàn. Ohun tó yẹ fún ìyìn nínú iṣẹ́ Hart ni pé ó sọ ìdí tó fi gbé kálukú síbi tó gbé e sí. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jiyàn mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ní tèmi, òṣùwọ̀n mẹ́rin ló yẹ kí a lò pa pọ̀. Èkínní ni ìgbòòrò: ènìyàn mélòó ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ilẹ̀ mélòó ló sì dé? Èkejì ni ìjìnlẹ̀: ṣé ohun ṣeréṣeré ló yí padà, àbí ohun tó kan oúnjẹ, ìlera, ìgbàgbọ́ àti èdè? Ẹ̀kẹta ni pípẹ́: ṣé ipa náà bá ẹni tó ni ín wọ sàréè, àbí ó ń dàgbà sí i? Ẹ̀kẹrin ni ìpín tirẹ̀ gan-an: ká ní wọn kò bí ẹni yìí, ṣé ẹlòmíràn ì bá ṣe iṣẹ́ náà láìpẹ́? Èyí ló le jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Newton ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Leibniz ará Jámánì ṣàwárí ẹ̀ka ìṣirò tí a ń pè ní calculus, kálukú lọ́tọ̀, ní àkókò tó súnmọ́ ara wọn. Bí ọ̀kan kò bá sí, èkejì ti wà nídìí iṣẹ́. Ẹni tó bá lo òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tó sì fi parí ọ̀rọ̀ ti ṣe ohun tí àwọn àgbà kìlọ̀ fún: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn òṣùwọ̀n yìí lé ènìyàn díẹ̀. Cai Lun ni àkọ́kọ́. Ìwẹ̀fà ni ní ààfin olú-ọba Ṣáínà, nígbà ìjọba ìdílé Han. Láyé ìgbà náà, orí ọparun tí wọ́n là pẹlẹbẹ tàbí orí aṣọ ṣẹ́dà ni wọ́n ń kọ̀wé sí. Ọparun wúwo, ṣẹ́dà sì wọ́n. Ní ọdún 105, Cai Lun gbé bébà tó ṣe lọ síwájú olú-ọba. Ohun tó fi ṣe é kò ju èèpo igi, okùn ewéko, àkísà àti ògbólógbòó àwọ̀n apẹja lọ. Wọ́n á gún àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́ omi títí wọn yóò fi kúnná bí ògì, wọ́n á fi asẹ́ pẹlẹbẹ gbé wọn jáde, omi á jò dànù, èyí tó bá ṣẹ́kù lórí asẹ́ á sì di abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nígbà tó bá gbẹ.

Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí bébà tó dàgbà ju ti Cai Lun lọ ní Ṣáínà, nítorí náà, òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ronú kàn án. Ìpín tirẹ̀ ni pé ó tún iṣẹ́ náà ṣe, tó fi di ohun tó dára, tí owó rẹ̀ kò ga, tí ìjọba sì gbà lò. Láti Ṣáínà, iṣẹ́ bébà dé Samarkand àti Baghdad ní ọ̀rúndún kẹjọ, ó sì gba ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí dé Sípéènì kó tó tàn ká Yúróòpù. Ní ti ìgbòòrò àti pípẹ́, ènìyàn díẹ̀ ló lè dúró tì í. Hart gbé e sí ipò keje, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ìwé lónìí ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ẹni tó tẹ̀lé e ní ipò kẹjọ ni Johannes Gutenberg ti ìlú Mainz ní Jámánì. Ó da òjé yíyọ́ di lẹ́tà kéékèèké, ó to lẹ́tà náà di ọ̀rọ̀, ó fi tàdáwà kùn wọ́n, ó sì fi ẹ̀rọ tẹ bébà mọ́ wọn. Bí wọ́n bá tẹ ojú ìwé kan tán, wọ́n á tú lẹ́tà náà ká, wọ́n á sì tún un tò fún òmíràn. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí ọdún 1455, ó ti tẹ Bíbélì èdè Látìnì jáde ní nǹkan bí ẹ̀dà 180, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn lórí bébà. Àwọn kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀: Bi Sheng lo lẹ́tà amọ̀ ní Ṣáínà ní ọ̀rúndún kọkànlá, ìwé kan tí wọ́n fi lẹ́tà irin tẹ̀ ní Korea ní ọdún 1377 sì wà títí dòní. Síbẹ̀, ẹ̀rọ ti Gutenberg ló sọ ìwé di ohun tí tálákà lè rà nígbẹ̀yìn. Láìsí i, ọ̀rọ̀ tí Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì, kọ láti tako àwọn ìwà kan nínú ìjọ rẹ̀ ní ọdún 1517 ì bá pẹ́ kó tó kọjá agbègbè rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé bí bébà kò bá ti wà nílẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ì bá dà bí odó tí kò rí iṣu gún. Ipa ẹnìkan a máa jókòó lórí ipa ẹlòmíràn.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀mí ènìyàn ni a fẹ́ fi wọ̀n, Edward Jenner kò ní í ṣàìwọlé. Ṣànpọ̀nná wà lára àwọn àrùn tó burú jù tí ayé ti rí. Àwọn baba wa bẹ̀rù rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀gbóná. Jenner jẹ́ dókítà ní Berkeley, ìletò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará oko ibẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó bá ti kó àrùn tó jọ ṣànpọ̀nná lára màlúù kì í kó ṣànpọ̀nná gidi mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1796, Jenner gba omi egbò lọ́wọ́ Sarah Nelmes, ọmọbìnrin tó ń fún wàrà, ó sín gbẹ́rẹ́ sí apá James Phipps, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì fi omi egbò náà sí i. Nígbà tó padà wá fi ti ṣànpọ̀nná gan-an dán an wò, ọmọ náà kò ṣàìsàn. Láti inú gbẹ́rẹ́ kékeré yẹn ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wá. Ní ọdún 1977, wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó kó ṣànpọ̀nná láàárín ìlú, ní orílẹ̀-èdè Somalia. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá.

Òṣùwọ̀n kẹrin kò ní í jẹ́ kí a fi gbogbo ògo yìí fún Jenner nìkan. Benjamin Jesty, àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ti màlúù dáàbò bo aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọdún 1774. Ṣáájú èyí pàápàá, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ẹrú kan tí wọ́n kó láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n sọ ní Onesimus, ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather, bí àwọn ènìyàn òun ṣe máa ń sín gbẹ́rẹ́ ṣànpọ̀nná kí àrùn náà má baà pa wọ́n. Nígbà tí ṣànpọ̀nná jà ní Boston ní ọdún 1721, dókítà Zabdiel Boylston lo ìmọ̀ yìí fún nǹkan bí 240 ènìyàn. Mẹ́fà ló kú nínú wọn. Nínú nǹkan bí 5,900 tó kó àrùn náà fúnra wọn, ó lé ní 800 tó kú. Iṣẹ́ ńlá ni Jenner ṣe: ó dán ọ̀rọ̀ náà wò létòlétò, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi tó aráyé létí. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ Adúláwọ̀ sì wà níbẹ̀.

Àwọn kan wà tí ire àti ibi jọ jáde láti ọwọ́ wọn. Fritz Haber, ará Jámánì, fi hàn ní ọdún 1909 bí a ṣe lè fa nitrogen inú afẹ́fẹ́ láti fi ṣe ammonia. Nígbà tó di ọdún 1913, Carl Bosch ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Inú ìmọ̀ yìí ni ajílẹ̀ alápò tí àgbẹ̀ ń fọ́n sídìí àgbàdo ti jáde, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì ń tipa rẹ̀ jẹun. Haber yìí kan náà ló darí bí àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣe tú afẹ́fẹ́ olóró sórí ọ̀tá ní Ypres, ní ilẹ̀ Belgium, ní oṣù kẹrin ọdún 1915. Ẹni tó bá ń wọn irú ènìyàn yìí kò gbọ́dọ̀ fi ire bo ibi mọ́lẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fi ibi pa ire rẹ́. Kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Òṣùwọ̀n yìí kan náà ni a lè lò fún ìtàn ẹ̀yà kan. Nínú ìtàn àwa Yorùbá, ẹni tí mo gbà pé ó yẹ kí a gbé lé e ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣogùn. Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú náà, wọ́n mú Àjàyí àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n sì ń ta á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ó ṣe ìrìbọmi níbẹ̀ ní 1825, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì tún fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1864 ni Ìjọ Áńgílíkà fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, òun sì ni Adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ náà fi jẹ oyè yìí.

Ibi tí ipa rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù ni èdè. Ní 1843, ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ó ṣe agbátẹrù ìtumọ̀ Bíbélì, odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Ní 1875, òun ló ṣe alága ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ èdè wa sílẹ̀. Kò dá iṣẹ́ náà ṣe. John Raban ti tẹ àwọn ìwé kékeré ní èdè wa ṣáájú rẹ̀, Thomas King bá a ṣe ìtumọ̀, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó sì lọ́wọ́ sí i. Ìpín tirẹ̀ ni pé èdè ẹnu ìyá rẹ̀ ni, ó sì fi ọdún tó ju ogójì lọ tẹ̀lé iṣẹ́ náà. Kí a lè mọ bí iṣẹ́ náà ti ṣe pàtàkì tó, ẹ wo lẹ́tà kan péré. Bí a bá yọ àmì kékeré tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà, “ọkọ” yóò di “oko” lójú ìwé. Ìyàwó tó kọ lẹ́tà sílé láìfi àmì sí i, pé “oko” òun ti bàjẹ́, ṣé ìwà bàálé rẹ̀ ló ń sọ ni, àbí èpò tó gba ilẹ̀ ọ̀gbìn?

Ẹ jẹ́ kí a wá wọn Crowther wàyí. Ní ti ìgbòòrò, kò tó Jenner, nítorí ẹ̀yà kan ni iṣẹ́ rẹ̀ kàn jù. Ní ti ìjìnlẹ̀, ó pọ̀ púpọ̀. Ní Freetown, Àkú ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa. Nílé, àwọn ará Ọ̀yọ́ ló ni orúkọ náà “Yorùbá” jù, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì sì ń jẹ́ orúkọ tiwọn. Èdè àkọsílẹ̀ tí gbogbo wọn lè jọ kà wà lára ohun tó sọ wọ́n di ọmọ ilé kan. Ní ti pípẹ́, ẹ̀rí wà lójú ìwé yìí. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọ ní ìpínlẹ̀ odò Ọya, ó sì kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Wọ́n gba àṣẹ, wọn kò lè gba èdè tó ti kọ sílẹ̀.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́ ni pé ohun tó súnmọ́ wa a máa tóbi lójú wa. Ẹni tí à ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò lónìí lè dà bí òkè, kí ó sì di pẹ̀tẹ́lẹ̀ kí ogójì ọdún tó pé. Èkejì ni pé ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan la lè dárúkọ. Nínú 100 ènìyàn tí Hart tò, obìnrin méjì péré ló wà níbẹ̀, Isabella Kìíní ti Sípéènì àti Elizabeth Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọba sì ni àwọn méjèèjì. Àwọn obìnrin ṣiṣẹ́. Àwọn tó mú gègé dání ni kò kọ iṣẹ́ wọn. Ibi tí wọ́n ti lu ìdí kóńgò wọnú nìyẹn.

Àǹfààní wíwọn báyìí pọ̀. Ó ń kọ́ wa láti máa wá ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí, dípò kí a kàn máa há ọdún àti orúkọ sórí. Ó ń fi han ọ̀dọ́ pé iṣẹ́ tí a fi sùúrù ṣe lè pẹ́ ju ariwo lọ. Ó sì ń kọ́ wa ní ọ̀wọ̀ fún àwọn tí a kò mọ̀. Gàrí tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ẹ̀rí. Àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbin ẹ̀gẹ́, àwọn Pọtogí ló sì gbé e wá sí Áfíríkà. Májèlé wà nínú rẹ̀. Láàárín àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà náà, ẹnìkan kọ́kọ́ mọ̀ pé bí a bá rin ín, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì yan án, yóò di oúnjẹ. A kò ní orúkọ ẹni náà, bẹ́ẹ̀ àìmọye ènìyàn ló ti jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ lónìí kí oòrùn tó yọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó yí ayé padà, kí ó má ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Kí ó ṣe bíi ti ọdẹ: kí ó wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, ìwé tó ń kà, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ọmọ rẹ̀, oúnjẹ inú àwo, kí ó sì máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn. Nílùú tiwa náà, àwọn kan wà tó kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àwọn kan sì wà tó kọ́kọ́ mú irúgbìn tuntun wọ oko wa. Ẹni tó mọ orúkọ wọn kò tíì tán nílẹ̀. Kí a lọ bi wọ́n, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.